Ẹ Bi Wá: Ta ló ni tẹlifíṣọ̀n orí Òkè Ààrẹ?

Látìgbà tá a ti dárúkọ Galaxy, tẹlifíṣọ̀n aládàáni tó wà lórí Òkè Ààrẹ n'Íbàdàn, lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn kan fẹ́ mọ ìtàn, àwọn kan fẹ́ jà, ẹnì kan sì kọ ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè dáhùn. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, ẹni tí mi ò bá tíì dá lóhùn kó jọ̀ọ́ má bínú.

Bọ̀dá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù onígẹrun wa ní Bẹẹrẹ la jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé tí àríyànjiyàn fi dé. Èmi ní Galaxy ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba n'Íbàdàn. Bàbá àgbà kan tó wá gẹrun ní irọ́ ni, pé WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé Awólọ́wọ̀ gan-an, òyìnbó ló ni ín, wọ́n kàn ń pè é ní ti ìjọba ni. A ti fi mínírà ta á. Ẹ bá wa dá a. (Ọmọ Bẹẹrẹ)

Ẹ má tíì ra mínírà fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ wà lẹ́nu bàbá yẹn, ó kàn jẹ́ pé kò pé ni, ẹ̀yin náà lẹ sì jàre lórí ọ̀rọ̀ Galaxy.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé ká gba ìjọba ara wa lọ́dún 1956, ọ̀rọ̀ dàrú, àwọn Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, bínú jáde, ni gómìnà òyìnbó, Sir John Macpherson, bá bọ́ sórí rédíò tó bá wọn wí létí gbogbo ayé. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà débẹ̀ kóun fèsì. Wọ́n ní rárá. Rédíò kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ òyìnbó sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà. Ó dun Awólọ́wọ̀ wọra, mi ò rò pé ó gbàgbé ẹ̀ títí tó fi kú, torí bí òfin ọdún 1954 ṣe gbà kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè ní ilé iṣẹ́ rédíò tiẹ̀ báyìí, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dìde, kì í sì í ṣe rédíò nìkan ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n làwọn máa ṣe.

Owó wà nígbà yẹn, kòkó ń tà, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni ò sí. Ni wọ́n bá lọ bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion, wọ́n jọ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kọ́ńpìnnì yẹn ló gbé WNTV jáde ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Sitúdíò wà l'Ágodi, ẹ̀rọ tó ń fọ́n àwòrán jáde wà lórí òkè Mápó, òmíràn wà l'Ábáfọ̀n lẹ́bàá Ìkòròdú káwọn ará Èkó náà lè rí i, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn ò sì ju 500 watt lọ. Ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò ná, áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń lọṣọ nílé ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ojú àkọ́kọ́ táwọn èèyàn rí lórí ẹ̀ ni ojú Màmá Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams. Kúnlé Ọláṣọpé náà wà lára àwọn tó fi ohùn wọn la ọ̀nà ibẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ni Awólọ́wọ̀ fi ipò Premier, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, sílẹ̀ tó lọ ṣe olórí alátakò l'Ékòó, ìyẹn ni pé kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tó fi ìbínú kọ́.

Nítorí náà tí bàbá bá ní òyìnbó wà níbẹ̀, ó mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ìpín lòyìnbó ní, kì í ṣe òun ló ni gbogbo ẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí ìjọba fi ra ìpín yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Látìgbà yẹn ló ti di ti ìjọba pọ́ńbélé.

Ibi tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí nìyí o. Ilé tí wọ́n kọ́ torí pé wọn ò jẹ́ kí ẹnì kan fèsì, ilé yẹn náà ló padà di ibi táwọn mìíràn ò ti lè fèsì. Lọ́dún 1962 ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá pé kó máa ṣàkóso, ẹni tó bá sì ti wà lórí àga lásìkò kan ló ń ni gbohùngbohùn. Ìbò ọdún 1965 ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ìbínú gba ìlú kan, ojú ò sì sí fún alátakò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí owó orí wọn ń bọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká pé òun ló wọ ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn tó fipá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ Premier Akíntọ́lá tí wọ́n fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí. Ẹ wò ó, látorí 1953 sí 1965, ọdún méjìlá péré, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ta ni wọ́n máa jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Ológun tún wá gba tiwọn. Ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà sábẹ́ òrùlé kan lọ́dún 1976, wọ́n fi òfin dè é lọ́dún 1977, WNTV wá di NTV Ìbàdàn, ó padà di NTA Ìbàdàn tá a mọ̀ dòní. Nígbà tí òfin ọdún 1979 gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní tiwọn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá TSOS sílẹ̀, èyí tó ti di BCOS lónìí, Ilé Akéde ní Baṣọ̀run. Ìlú wá ní méjì. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ni ti àkọ́kọ́, ìjọba ló ni ìkejì.

Ó tó ọdún 1992 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni ìjọba Babangida gbé òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 38 jáde, tó dá NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì gba aládàáni láyè láti ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní láísẹ́ǹsì. Galaxy bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, Steve Ojo ló dá a sílẹ̀, orí Òkè Ààrẹ ló gbé e kà, òkè tó ń jẹ́ orúkọ Ààrẹ Látòósà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí 1994 á mọ irú ọdún tó jẹ́. Wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, Abacha wà lórí àga, àwọn oníṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀, mọ́tò ò rí epo, inú ọdún yẹn náà sì ni ìjọba ti ilẹ̀kùn Punch, Concord àti Guardian pa. Ọdún tí wọ́n ń ti ìwé ìròyìn pa ni ẹnì kan ṣí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Mo máa ń ronú sí ìyẹn gan-an ni.

Mo rántí bó ṣe dé ilé wa l'Ẹ́kọ̀tẹ́dó. NTA ti ń mọ́ tẹ́lẹ̀ lórí ẹ́ríà gígùn tí bàbá mi rà, àmọ́ UHF ni Galaxy, igbi UHF sì kúrú, ilé gíga, òkè, igi ńlá, ohun tó bá ti dúró sójú ọ̀nà ẹ̀ ló ń dá a dúró, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sì wà níwájú wa gọngọ. Ẹ̀gbọ́n mi á gun òkè àjà, á máa fọwọ́ yí òpó ẹ́ríà, èmi á dúró lójú wíńdò, màmá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, màmá á ní "ó ti mọ́", èmi á pariwo "ó ti mọ́!", kó tó dé etí ẹ̀gbọ́n mi ó ti yí i kọjá, gbogbo ẹ̀ á tún funfun bíi òwú, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó mọ́ níkẹyìn, mo rí òpópónà tí mò ń gbà lọ sílé ìwé nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà ibi tí mo mọ̀! Ọmọdé ni mí o, mi ò rò pé nǹkan tó wà ládùúgbò wa lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ má wá rò pé aládàáni túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń mú un. Ààrẹ ilẹ̀ yìí ló ń fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì lẹ́yìn tí NBC bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn, NBC sì lè ti í pa. Àmọ́ ó yàtọ̀ sí kí gómìnà máa pe ọ̀gá sitéṣọ̀n bí ẹni pe ọmọ ọ̀dọ̀.

Ti mínírà yín, ẹ jọ dá owó ẹ̀ ni, ẹ gbé ti bàbá fún wọn kó tutù dáadáa.

Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, olùkọ́ wa ní kíláàsì ní kì í ṣe òótọ́ pé Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Áfíríkà, ó ní Morocco ni. Inú bí mi. Ṣé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣáńgo)

Má bínú, àbúrò mi, olùkọ́ rẹ mọwé. Ọdún 1954 ni kọ́ńpìnnì Faransé kan ti ṣí tẹlifíṣọ̀n ní Casablanca ní Morocco, ó ń jẹ́ Telma, aládàáni ni tiẹ̀, kò sì pé ọdún méjì tó fi kógbá sílé torí owó. Algiers náà rí tiẹ̀ lọ́dún 1956. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè ta ló gbé àwọn wọ̀nyẹn kalẹ̀ àti fún ta ni. Faransé ló gbé e kalẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ti Ìbàdàn, ìjọba tí àwa fúnra wa dìbò yàn ló pinnu ẹ̀, tó fi owó kòkó wa ṣe é, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní oṣù mọ́kànlá. Íjíbítì tó jẹ́ àgbà láàárín wa, oṣù keje ọdún 1960 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. "First in Africa" ni WNTV kọ sára ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni màá kọ ọ́, màá ní àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà pinnu fúnra ẹ̀, tó sì dúró di òní. Ìyẹn náà tó èèyàn yangàn, kò sì sí olùkọ́ tó máa já a kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Olóòtú, ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní ní Àgbẹ̀ni, tẹlifíṣọ̀n máa ń wà ní títàn látàárọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé lórí àwọn sitéṣọ̀n aládàáni yìí, tí kì í bá ṣe ìkéde òkú, á jẹ́ àgbo, tí kì í bá ṣe àgbo, á jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà? (Ìyá Ìbejì)

Ẹ kú ọjà, Ìyá Ìbejì. Oníṣòwò ni yín, ó máa tètè yé yín. Ta ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù yín? Oníbàárà ni, àbí? NTA máa ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ń gba owó lọ́dọ̀ gómìnà. Aládàáni ò ní bàbá ìsàlẹ̀, àyàfi tó bá tà. Ohun tó ń tà kì í sì í ṣe fíìmù tàbí ìròyìn, ìṣẹ́jú ló ń tà. Inú ìṣẹ́jú yẹn ni owó òṣìṣẹ́ ti ń jáde, owó láísẹ́ǹsì, owó kámẹ́rà, àti dísù. Dísù yìí gan-an ni baba gbogbo wọn, torí ẹ̀rọ tó ń fọ́n àwòrán ò gbọdọ̀ kú, iná ìjọba sì ń lọ nígbà tó bá wù ú, jẹnẹrétọ̀ ló ń ru ú lálẹ́ lọ́sàn-án. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Telma lókè yìí, owó ló pa á. Ẹni tó bá ń ṣe aládàáni n'Íbàdàn láti 1994 tí kò tíì kú, ó mọ ọjà ná.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, òfin ò gbà kí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú gba láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò lè ni ín, àmọ́ wọ́n lè ra ìṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí wọn lórí gbogbo sitéṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìkéde òkú díẹ̀ o, mo mọ̀ pé ó ń sú yín. Ọ̀pọ̀ àgbà ló wà n'Íbàdàn yìí tó ṣe birikìlà títí tó fi darúgbó, tó ta ẹran ní Bódìjà fún ogójì ọdún, tí kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wá bá a rí. Ọjọ́ tó kú làwọn ọmọ ẹ̀ dáwó jọ, tí àwòrán ẹ̀ pẹ̀lú fìlà abetíajá ẹ̀ fi dé ojú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ka orúkọ agboolé ẹ̀ síta, Ìbàdàn gbọ́. Bí wọ́n bá ń ka irú ẹ̀, èmi kì í yí ṣánẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí mi ò bá wọn lọ ni kí èèyàn san owó kí wọ́n wá ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ìròyìn láì sọ pé ó sanwó. Àgbo, gbogbo wa mọ̀ pé ìpolówó ni. Ṣùgbọ́n tí olóṣèlú bá sanwó tí ohùn agbéròyìnjáde wá ń gbé e jáde bí òótọ́, a ti padà sí 1965 nìyẹn, àfi pé owó ló gba ipò àṣẹ.

Ẹ jọ̀wọ́ mà tàbí sà, mi ò mọ ẹni tó ń dáhùn. Bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ tíátà kan nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń lọ ṣeré ní tẹlifíṣọ̀n l'Ágodi. Mo kéré nígbà tí wọ́n kú, mi ò rántí ohùn wọn mọ́. Mo ti lọ béèrè nílé iṣẹ́ kan pé kí wọ́n bá mi wá fídíò kan ṣoṣo, wọ́n ní kò sí. Ṣé ó ṣeé ṣe kí n rí i níbòmíràn? (Ọmọ Òjé)

Lẹ́tà yìí ni mo ní ó jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀. Sà ni, ẹ kú àárò bàbá.

Màá sọ òótọ́ fún yín, kẹ́ ẹ má baà máa dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ò wá a dáadáa. Ní ọdún àkọ́kọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní sitúdíò náà ló ń lọ sílé yín, tó bá ti parí, ó parí nìyẹn. Ẹ wo àwọn tó kọjá l'Ágodi yẹn: Ṣẹ́gun Olúṣọlá tó ń darí eré, eré tí Ṣóyínká kọ fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1960, Dúró Ládipọ̀, Moses Ọláìyá kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n sí Bàbá Sàlá. Ìlú ńlá lèyí tó gbé wọn, ohun tá a wá lè gbé síwájú ọmọ wa nínú eré ìgbà yẹn kéré, ó ń dùn mí dé egungun. Nígbà tí téèpù sì dé, fífẹ̀ ni, íǹṣì méjì, ó tóbi, ó wúwo, ó wọ́n bí ojú. Torí pé ó wọ́n, wọ́n máa ń pa ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. BBC pàápàá pa eré tiwọn rẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń wá a káàkiri ayé títí dòní. Nílẹ̀ wa ooru àti ọ̀rinrin tún wà níbẹ̀, iná ń lọ, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù ń kú, téèpù ń hu. Nígbà tí wọ́n ní kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àmọ́ ẹ má tíì ká a nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bàbá ṣì ń ṣeré títí dé bíi 1980 sókè, fídíò VHS ti wọlé àwọn èèyàn, àwọn tó lówó díẹ̀ máa ń gba eré sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ tíátà náà, tàbí ọmọ wọn, ẹ bi wọ́n nípa kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tún bi ìyàwó ọ̀gá ẹgbẹ́ tó bá ṣì wà, àwọn ìyàwó ló máa ń kó ẹrù pa mọ́. Ẹ béèrè rédíò náà, torí nígbà WNTV àti WNBS, rédíò Ìwọ̀ Oòrùn, ilé kan náà ni wọ́n, ẹgbẹ́ tó bá ṣe tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń ṣe rédíò, téèpù ohùn ò sì tóbi tó ti àwòrán. Ohùn lẹ sọ pé ẹ ń wá, ó lè jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti máa rí i.

Tẹ́ ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má sáré kì í bọ inú ẹ̀rọ o! Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú ẹ̀ látojú ihò gíláàsì yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó hu bí ìyẹ̀fun létí téèpù, ẹ̀rọ máa já a, á sì kó èèhù náà ran òmíràn. Ẹ dì í sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ gbé e sójú kan tó gbẹ tí oòrùn ò dé, lóròó, kì í ṣe ní títẹ́, ẹ wá gbé e wá bá wa ní ọ́fíìsì. A mọ ẹni tó lè fọ̀ ọ́ kó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.